Tọ́ọ̀ṣì Etí Ìró

Obì kan ṣoṣo ni mo dì mọ́wọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù Odùṣílé,
gbànja tí mo ti mọ̀ pé kòkòrò ń gbé inú rẹ̀;
ihò ara rẹ̀ kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ.
Sábó ti ń tú, òjò ń ṣú bọ̀ láti ọ̀nà Ìkẹ́nnẹ́.
Mo ní, "Kó tọ́ọ̀ṣì rẹ jáde, ọmọ Ṣágámù.
Èyí tó bá fi ihò yìí hàn mí ni màá rà."

Ó kọ́kọ́ gbé gígùn kan wá, ó ga bí ọmọ odó.
"Màmá, èyí á tàn dé òdìkejì ọ̀nà márosẹ̀!"
Kí ni mo sọnù sí òdìkejì ọ̀nà?
Ohun tí mò ń wá kì í jìnnà sí àtẹ́lẹwọ́ mi:
ihò kọ́kọ́rọ́,
eegun ẹja lọ́fun ọmọ ọmọ mi,
àti obì, agbọ̀n obì lẹ́yìn agbọ̀n obì,
ní aago márùn-ún ìdájí, tí àwọn ará oko
ń tajà fún ẹni tí ojú rẹ̀ ò tíì là.

Mo ti ní irú gígùn yẹn rí.
Ti Bàbá Fadérera ni, bátìrì mẹ́ta ló ń jẹ,
orí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn ni ibùjókòó rẹ̀.
Bí a bá tàn án lójúde wa ní Ògèrè,
ẹyẹ orí ọ̀pẹ a máa rò pé ilẹ̀ mọ́.
Ṣùgbọ́n lóru ọjọ́ tí ó dìde lọ tọ̀,
tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ lórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé,
orí ìṣó ni tọ́ọ̀ṣì wà.
Ó ṣì wà níbẹ̀.
Mi ò sọ ìyẹn fún Odùṣílé.

Ó mú òmíràn wá, iná rẹ̀ funfun
bí aṣọ tí wọ́n fi búlúù ṣàn.
Mo gbé obì sábẹ́ rẹ̀: pupa di eérú,
tuntun àti ògbólógbòó dọ́gba bí ojú òkú.
Gbé e kúrò. Iná tó ń purọ́ fún mi
á jẹ owó mi ju kòkòrò lọ.

Ẹ̀kẹta ń ṣẹ́jú bí ọkọ̀ ọlọ́pàá.
Mo bi í bóyá mo jọ ẹni tí ń dá ọkọ̀ dúró.
Okùn ni wọ́n fi ń gba iná sí i lára;
mo ní, "Bí kò bá wá sí iná ńkọ́?"
Ó wo gílóòbù òkè orí wa, ó rẹ́rìn-ín:
àtàná ni wọ́n ti mú un lọ.

Ìsàlẹ̀ páálí ló ti fa kékeré yìí yọ,
bí ẹni ń tọrọ àforíjì. Kò ju ìka àárín lọ.
Bátìrì kan, irú ti aago ara ògiri,
èyí tí wọ́n ń tà dé abúlé tí kò ní ilé ìwé.
Iná rẹ̀ pọ́n díẹ̀ bí oòrùn ìrọ̀lẹ́.
Obì pọ́n. Ihò là.
Lẹ́nu ihò náà, ìyẹ̀fun tí kòkòrò lọ̀,
ó kúnná ju gààrí tiwa lọ.
Mo fi eyín há a, ọwọ́ mi méjèèjì ṣófo fún iṣẹ́.
Mo so ó mọ́ etí ìró, mo fò sókè lẹ́ẹ̀mejì,
kò já. Odùṣílé ń dijú rẹ́rìn-ín.
Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ló pè é.
Ìjẹ̀bú bí mi, Rẹ́mọ fẹ́ mi:
ẹgbẹ̀rún méjì àti igba la parí rẹ̀ sí.

Lánàá, ní Ìṣarà, Ṣówándé sọ agbọ̀n kalẹ̀:
"Màmá, ẹ ti wá ń yẹ obì wò bíi dókítà."
Iná wà lẹ́nu mi, mi ò lè dá a lóhùn.
Mẹ́tàdínlógún ni mo ṣà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.
Ó kà á, kò tún sọ̀rọ̀ mọ́.

Nígbà tí mo délé, ojú ọ̀run ti ń funfun.
Mo ti pa iná.
Mo tún tàn án, lásán,
kí n tó gun àtẹ̀gùn.