Omi Orí Búlọ́ọ̀kù

Wọ́n ní kí n máa lọ.
Pásítọ̀ ló kọ́kọ́ sọ ọ́, lẹ́yìn ìsìn, lẹ́nu ọ̀nà,
ó di ọwọ́ mi mú, kò fi í sílẹ̀ bọ̀rọ̀:
"Olúwa bá mi sọ̀rọ̀ nípa rẹ, Mákanjúọlá.
Ìjọ tuntun tó wà lọ́nà Bàbánlá, ìwọ ni."
Màmá Ibíyẹmí lá àlá:
aṣọ funfun ni mo wọ̀ láàárín oko ẹ̀gẹ́,
mo ń nawọ́ sí àwọn èèyàn tí òun kò mọ̀ rí.
Ẹgbẹ́ akọrin ti dá owó bẹ́ẹ̀dì àti fìtílà.
Gbogbo ilé ló ti gbọ́.
Èmi nìkan ni mi ò tíì gbọ́ nǹkan kan.

Bíríkìlà ni mí ní Òmù-Àrán.
Ọdún kejìlélógún rèé tí mo ti ń to búlọ́ọ̀kù lé búlọ́ọ̀kù.
Mo mọ ohun tí ìkánjú máa ń ṣe fún ilé:
ilé ọ̀hún a dúró dáadáa títí di òjò àkọ́kọ́.
Búlọ́ọ̀kù tí wọ́n tẹ̀ láàárọ̀, tí wọ́n kó lálẹ́,
ojú rẹ̀ a gbẹ, inú rẹ̀ a ṣì jẹ́ iyanrìn.
Fi èékánná ha á, wàá rí i.

Inú mi ni mo ń fi èékánná ha.

Díákónì Ọlágbénró ní ojo ni mí.
Ó sọ ọ́ lójú ìyàwó mi, ó tún jẹ ẹ̀pà wa tán.
Ìwọ̀sí náà kò dùn mí tó òtítọ́ tó ṣeé ṣe kó wà nínú rẹ̀,
torí lóru, nígbà tí ọyẹ́ bá ń mi páànù òrùlé,
mi ò mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó dúró de Olúwa
àti ẹni tó kàn dúró.

Ọlátóún kò ní kí n lọ, kò ní kí n má lọ.
Ó ká aṣọ àwọn ọmọ sínú àpótí, ó tún kó wọn jáde,
ó ní, "Bó bá ti yé ọ, pè mí."

Mo dúró, ṣùgbọ́n mi ò jókòó.
Láàárọ̀, lálẹ́, mo ń bu omi sórí búlọ́ọ̀kù
bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi: simẹ́ǹtì tí a kò fún lómi mu,
gbígbẹ ló máa gbẹ, kò ní le.
Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ń gbàdúrà,
agolo kan láàárọ̀, agolo kan lálẹ́,
láìbi búlọ́ọ̀kù léèrè pé ṣé ó ti tó.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ọyẹ́ bo ojú ọ̀nà Òkè-Onígbìn,
agolo wà lọ́wọ́ mi, omi ń kán sí mi ní bàtà,
nǹkan kan dé.
Kì í ṣe ohùn. Kò sí iná, ara mi kò gbọ̀n.
Orúkọ ni: Sùbérù.
Ọmọ iṣẹ́ mi, tí mo lé lọ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn
pẹ̀lú owó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà rẹ̀ lápò mi,
tí mo ní ó jí simẹ́ǹtì àpò méjì.
Èmi ni mo ka àpò yẹn ṣì.
Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀.

Nínú àlá ẹlòmíì, Bàbánlá ni wọ́n ń rán mi.
Gánmọ̀ ni Ọlọ́run tọ́ka sí fún mi.

Mo wọ mọ́tò, mo jókòó ti ẹni tó gbé adìyẹ lé itan.
A kọjá Ajàsẹ́, a kọjá Ìdófìán,
ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù mẹ́rin
tí inú mi kò bá ẹsẹ̀ mi jà.

Àlùwàlá ló ń ṣe nígbà tí mo dé.
Mo dúró kó kírun tán.
Mo ka owó náà fún un, mo bu èlé lé e,
mo sọ ohun tó yẹ kí n ti sọ.
Kò dì mọ́ mi. Ó tún owó náà kà.
Ẹ̀yìn ìyẹn ló bi mí bóyá mo ti jẹun.

Mo ti padà sílé báyìí.
Pásítọ̀ ṣì ń béèrè, mo ní kó ṣe sùúrù.
Orúkọ tí bàbá mi sọ mí kì í ṣe orúkọ ọ̀lẹ.
Bàbánlá ò lọ síbì kan.
Bóyá lọ́la, bóyá lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn,
ó kéré tán, mo ti mọ bó ṣe ń rí nígbà tó bá dé.

Agolo mi dà? Ilẹ̀ ti ń mọ́.