Òṣómàáló Nítorí Pápá

Èmi ò mọ eré náà rí.
Tísà Adéyẹfá ló gbé e dé:
igi kan tó jọ ọmọ odó tí wọ́n fá nídìí,
ìbọ̀wọ́ aláwọ mẹ́ta, ọ̀kan ti ya,
bọ́ọ̀lù funfun tó le bí èkùrọ́.
Ó ní besibọ́ọ̀lù ló ń jẹ́.
Mo ní, ṣé ó ṣeé jẹ ni?

Ẹ̀yìn ilé ìlagi ní Ìsọ̀kùn làwọn ọmọ ti ń ṣe é,
nínú ìyẹ̀fun pákó, láàárín gẹdú.
Òkúta ni ibùdó kìíní,
táyà àtijọ́ ni ìkejì,
ìkẹta, kùkùté ìrókò,
ẹni tí kò bá fò ó yóò fi eékún san án.
Ilé (bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀)
ilé jẹ́ ìdérí ìkòkò tí ìyá ẹnìkan ṣì ń wá kiri.

Ọjọ́ tí gẹdú yí lu ẹsẹ̀ Dúródọlá,
èékánná méjì péré ló bá a lọ, a dúpẹ́,
ọjọ́ náà ni mo pe Tísà: ṣàlàyé eré yìí fún mi.
Ó ní, o ó lu bọ́ọ̀lù, o ó fi ilé sílẹ̀,
o ó sáré yí ká, wọn yóò máa lé ọ,
ṣùgbọ́n o ò tí ì jẹ ayò kankan
àfi bí o bá padà délé.

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.
Tísà, eré Ìjẹ̀ṣà mà lèyí!
Bàbá bàbá mi ru aṣọ kúrò ní Òkèsà,
ó dé Ọ̀mù-Àrán, ó dé Kàbà,
ọdún mọ́kànlá,
kò sẹ́ni tó kà á kún
àfìgbà tó padà wálé wá kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.

Bàbá Fámúrewá yọ̀ǹda oko kòkó rẹ̀ lọ́nà Ìmọ̀.
Ó ní kòkó ibẹ̀ ti gbó, òun náà ti gbó,
kí ilẹ̀ náà lọ gbọ́ ariwo ọmọdé díẹ̀.
Ó ku owó.

Nípàdé, owó ẹnu kún gbọ̀ngàn dé òrùlé.
Lọ́yà Ògúnlẹ́yẹ gba gbohùngbohùn,
ó ní igba ẹgbẹ̀rún náírà. Àtẹ́wọ́ ròkè.
Mo kọ ọ́ sínú ìwé.
Oṣù mẹ́ta: ìwé kún, àpò gbẹ.
Kanmí tó ń lẹ táyà san ẹgbẹ̀rún kan,
gírísì ṣì wà lára rẹ̀.
Àwọn ọmọ ṣa irin, wọ́n tà á,
wọ́n ká owó náà sínú ìbọ̀sẹ̀ wá fún mi.

Mo bá rántí bàbá bàbá mi.
Kì í bá onígbèsè jà, kì í bú u.
Yóò kàn lóṣòó lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ ní kùtùkùtù,
kò ní jókòó, kò ní mumi,
títí owó yóò fi jáde.

Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin ni mí,
eékún mi ń ké bí ilẹ̀kùn ilé àgbà.
Mo lọ lóṣòó níwájú géètì Lọ́yà ní Ìlórò.
Ìyàwó rẹ̀ gbé àga jáde. Mo ní rárá.
Ó gbé tíì jáde. Mo ní kó máa tutù níbẹ̀.
Àwọn tó ń lọ sí Èréjà ń dúró béèrè,
mo ń dá wọn lóhùn, ohùn mi ò sì kéré.
Agogo mẹ́sàn-án, fèrèsé òkè ṣí.
Ó san ìdajì.
Lọ́jọ́ kejì mo padà lọ lóṣòó fún ìdajì.

Ní Sátidé yìí katakata ti tẹ́jú ilẹ̀.
Ó ku wáyà, ó ku kànga, ó ku ibojì.
Ìbíwùmí, ọmọ ọdún méjìlá, ló ń hán bọ́ọ̀lù lẹ́yìn ilé:
ó lóṣòó, ó na ìbọ̀wọ́ tó ya síwájú,
ojú rẹ̀ ò kúrò lára ẹni tó ń jù.
Mo ní, ọmọ mi, ta ló kọ́ ọ ní ìlóṣòó?
Kò wojú mi.
“Màmá, bí mo bá dìde, yóò kọjá mi lọ.”

Mo ṣí ìwé mi.
Ó ku èèyàn mẹ́rìndínlógún.