Ó Ń Ṣẹ́jú

Ní Sàmárù, lọ́sẹ̀ tí ọyẹ́ kọ́kọ́ wọ Sáríà,
kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú.
Mo ní ṣẹ́jú: gbogbo fáìlì ojú rẹ̀,
wọ́n á pòórá, wọ́n á tún yọ,
wọ́n á pòórá, wọ́n á tún yọ,
bí ọmọdé tó ń ti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yọjú wo àlejò.
Mo gbé máòsì lé iṣẹ́ àṣekágbá akẹ́kọ̀ọ́ kan,
kí n tó tẹ̀ ẹ́, ó ti sá.
Mo tún gbé e lé e. Ó tún sá.
Ọmọ náà ń wo aago lẹ́yìn mi.
Nígbà tó yá, ó gba ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn lọ.

Mo pa á. Mo tàn án.
Mo fa wáyà rẹ̀ yọ lára ògiri, mo ka oókan dé ọgọ́rùn-ún,
mo dá a padà.
Mo ní fáìrọ́ọ̀sì ni; mo fi wákàtí mẹ́ta àti lítà epo méjì
wá fáìrọ́ọ̀sì kiri inú rẹ̀,
n ò rí nǹkan kan.
Mo bẹ̀ ẹ́. Mo bú u.
(Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin náà á bú u.)
Ó ń ṣẹ́jú.

Injiníà Kírísítófà ti Sábó wá,
ó gbé báàgì tó wúwo ju ìmọ̀ rẹ̀ lọ.
Kò tiẹ̀ jókòó. Ó ní ká nu gbogbo inú rẹ̀ nù,
ká bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Ẹgbẹ̀rún méjìlá náírà.
"Gbogbo rẹ̀?"
"Gbogbo rẹ̀."
Mo wo àwọn àwòrán kéékèèké tó ń kú, tó ń jí:
lẹ́tà mẹ́rìndínlógún wà nínú wọn
tí Ọláògún kọ sí ilé iṣẹ́ ìjọba l'Ábùjá kó tó kú.
Ohùn rẹ̀ wà níbẹ̀, ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀,
níbi tó ti ń kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ yíǹkì.
Mo fún Injiníà lówó kẹ̀kẹ́, mo ní ó dàárọ̀.

Hábíbù tó ń ta káàdì ìpè lẹ́nu ọ̀nà mi
ló wọlé wá bu omi mu.
Ó wò ó, ife ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.
"Mámà, ẹ fa kíbọ́ọ̀dù yọ ná."

Mo fà á yọ.
Gbogbo nǹkan dúró
bí omi inú ìkòkò lóru.

Ó da kíbọ́ọ̀dù dojú dé, ó ń gbá a lẹ́yìn
bí ẹni ń gbá ọmọ tí oúnjẹ há lọ́fun:
iyanrìn jáde, èèpo ẹ̀pà jáde,
irun orí kan, funfun,
lẹ́yìn náà, èérún kúlíkúlí kan, ó le bí òkúta.
"Èyí ló há sábẹ́ Ẹ́fù-fáìfù.
Òun ló ń pàṣẹ fún un pé kó máa sọ ojú ara rẹ̀ dọ̀tun.
Ẹ wò ó, orí bọ́tìnnì yìí ti pá.
Mámà, ta ló ń tẹ̀ ẹ́ tó báyìí?"

Mo ní kó lọ mu omi rẹ̀ tán.

Ta ni ìbá tún jẹ́?
Tí iná ìjọba bá dé ní aago kan òru,
èmi ni mo máa ń jókòó síbí, mo á fi ìbora bo èjìká,
kúlíkúlí á wà lọ́wọ́ òsì,
orúkọ àwọn tí owó ìfẹ̀yìntì wọn ti jáde á wà níwájú mi.
Mo wá Ọláògún. Kò sí. Mo tẹ̀ ẹ́.
Kò sí. Mo tẹ̀ ẹ́.
Ọdún mẹ́ta àti oṣù mélòó kan.
Ìka mi ló kọ́ kọ̀ǹpútà níṣẹ́ yìí;
ó kàn mọ̀ ọ́n ṣe jù mí lọ ni.

Lóru ọjọ́ náà, iná dé.
Ojú rẹ̀ là sílẹ̀, kò ṣẹ́, ó ń wò mí.
N ò mú kúlíkúlí lọ́wọ́.
Mo nu ìka mi lára ìró,
mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan.