Torleif, Jẹ́ Ká Lọ Yá Oòrùn

Torleif, gbé ìwé ìròyìn yẹn sílẹ̀ ná.
O ní oòrùn kì í ṣe ọjà tí à ń fowó rà.
Òótọ́ ni. Ọ̀fẹ́ ni, níbi tó bá wà.
Owó ọkọ̀ òfuurufú la máa san.

O tún ní a ní oòrùn tiwa nílé,
pé láti àárín oṣù karùn-ún títí dé ìparí oṣù keje
kì í wọ̀ rárá ní Hammerfest.
Mo mọ̀. Aṣọ dúdú ni mo fi ń bo fèrèsé kí n tó lè sùn.
Ṣùgbọ́n oòrùn wo nìyẹn?
Àlejò tó jókòó sí pálọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́,
tí kò mú nǹkan kan lọ́wọ́ wá.
Ó ń ràn, a wọ kóòtù.
Ó ń ràn, èémí wa ń rú bí èéfín lẹ́nu ọ̀nà.
Lọ́jọ́ Ajé ni mo sá ẹ̀wù rẹ sórí okùn,
ẹ̀wù onírun àgùntàn tó o máa ń wọ̀ lọ sójú omi.
Òní ni Ọjọ́bọ̀. Ó ṣì ń kán tó-tó-tó.

Kalliroi kọ̀wé sí wa láti Leros.
Ó ní yàrá òkè ṣì wà, èyí tó kọjú sí èbúté,
pé òun ti tún ilẹ̀kùn rẹ̀ kùn,
pé ológbò olójú kan yẹn ti bímọ,
pé ṣé ọkùnrin tó ń bẹ̀rù ewúrẹ́ náà ṣì wà láyé?
Mo fèsì pé ó wà,
pé orúnkún rẹ̀ nìkan ló ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo.

Ṣé o rántí? Aago méjì ọ̀sán,
gbogbo ìlú ti ilẹ̀kùn, wọ́n sùn.
Kì í ṣe ọ̀lẹ; oòrùn ló pàṣẹ.
Apẹja tó dàgbà jù ọ́ lọ na gbalaja sábẹ́ igi,
fìlà bò ó lójú, bàtà kan lẹ́sẹ̀, èkejì lẹ́nu ajá.
Ìwọ dúró lójú pópó, ò ń wo aago ọwọ́ rẹ,
ò ń wá ẹni tí ẹ ó jọ máa kánjú.
Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, o bọ́ aago náà sínú bàtà.
Nígbà tó di ọjọ́ keje, o bi mí pé ọjọ́ wo lòní.
Mi ò mọ̀.
A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa.

Bí o bá ń fẹ́ ìdí tó ṣe é kọ sínú ìwé ìṣirò rẹ, gbà:
tòmátò ibẹ̀ ládùn. Èyí tí à ń rà níhìn-ín, omi pupa ni.
Dókítà Aslaug ní egungun mi ń fẹ́ oòrùn,
ló bá fún mi ní epo ẹja, ṣíbí kan láràárọ̀.
Ogójì ọdún ni mo fi ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ ẹja, Torleif,
ìka mi mọ òtútù ju bó ṣe mọ ọwọ́ rẹ lọ.
Mi ò fẹ́ kí ẹja tún máa ṣe oòrùn fún mi.

Owó ńkọ́? Owó tá a fi pamọ́ nítorí ọ̀la.
Ọ̀la wo? Wàá pé àádọ́rin ọdún lóṣù kẹsàn-án.
Ọ̀la ti wọlé, ó ti fa àga jókòó,
ó ń bi wá pé kí la sè.

Mi ò tí ì sọ ìdí tèmi gan-an.
Ó ń tì mí lójú díẹ̀.
Láti ìgbà tá a ti darí dé, ọdún mọ́kànlá rèé,
mi ò rí ẹsẹ̀ rẹ lójú ọ̀sán mọ́.
Ìbọ̀sẹ̀ ni. Bàtà rọ́bà ni. Lábẹ́ kúbùsù, òkùnkùn ni.
Mo fẹ́ rí i lórí iyanrìn, funfun bí ìyẹ̀fun,
pẹ̀lú àpá ìwọ̀ yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn ẹsẹ̀,
kí oòrùn sun ún pupa díẹ̀, kí o máa ráhùn,
kí n máa fi yógọ́ọ̀tì pa á bí Kalliroi ṣe kọ́ mi.

Ó tán. Kò sí òmíràn.
Ọkọ̀ tó ń lọ sí Oslo máa gbéra láago mẹ́fà ààbọ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta.
Mo ti sanwó.
Ìwọ lọ wá ibi tí fìlà koríko rẹ wà.