Ní Igun Ìsàlẹ̀, Lápá Ọ̀tún

Oṣù kẹta ni, ìgbà kajú.
Lọ́ọ̀rì ń kó àpò kọjá láti òwúrọ̀,
eruku pupa ti bo ilẹ̀kùn gíláàsì mi ní Ìsánlú,
n kò tètè mọ ẹni tó ń bọ̀
àfi ìgbà tí mo gbọ́: "Okun o, ọmọ mi."

Tíṣà Ọlọ́runmáyé ni.
Ó gbé kọ̀ǹpútà sábíyá bí ẹni gbé adìẹ tó ń ṣàìsàn,
aṣọ ìnura ló fi wé e.
Ọwọ́ yẹn náà ló fi kọ́ mi ní ìṣirò ní kíláàsì kẹrin.
Ó ní, "Wọ́n ti jí nẹ́tíwọ́ọ̀kì mi."

"Ta ni, Tíṣà?"
"Èmi ha mọ̀ ọ́n? Àmì yẹn, èyí tó dà bí abẹ̀bẹ̀,
tó máa ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ aago.
Ọjọ́ mọ́kànlélógún rèé tí n kò rí i.
Ìbíyẹmí kò sì rí ọ̀nà kọ̀wé sí mi mọ́
láti Kànádà."

Mo tan ẹ̀rọ. Mo wo igun ìsàlẹ̀, lápá ọ̀tún.
Aago wà, bátìrì wà, àmì ohùn wà,
àárín wọn ṣófo
bí ẹnu ọmọ ọdún méje tí eyín rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ.

Mo wọ inú ètò. Mo wá a lọ sísàlẹ̀, sísàlẹ̀,
títí mo fi dé ibi tí wọ́n to àwọn àmì sí
bí orúkọ nínú rẹ́jísítà.
Bàbá fi gíláàsì ojú lé imú, ó ń pè wọ́n fúnra rẹ̀:
Aago? Ó wá.
Ohùn? Ó wá.
Nẹ́tíwọ́ọ̀kì?
Ẹnì kan ti pa á.

Ó rántí ọmọ àbúrò rẹ̀ tó wá lo ìsinmi láti Mọ̀pà,
tí ìka rẹ̀ kì í sinmi.
Mo sún bọ́tìnnì kékeré náà láti òsì sí ọ̀tún.
Abẹ̀bẹ̀ funfun yọ, ó jókòó sáyè rẹ̀
bí ẹni tí kò lọ ibì kankan.
Bàbá pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan: "Ó wá!"

Ǹ bá ti dákẹ́ níbẹ̀.
Ǹ bá ti gbowó mi.
Ṣùgbọ́n ẹni tó ríṣẹ́ ṣe, ẹnu rẹ̀ a máa yá:
"Tíṣà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò lọ rárá o.
Àmì rẹ̀ nìkan ló fara pamọ́.
Gbogbo ọjọ́ mọ́kànlélógún yẹn, ọ̀nà ṣí."

Ọ̀rọ̀ náà bọ́ sí i nínú
bí òkúta tí a sọ sí kànga,
tí a tẹ́tí, tí a ò gbọ́ ìgbà tó kan omi.
Ó ṣí àpótí lẹ́tà.
Lẹ́tà báǹkì. Ìpolówó bàtà. Lẹ́tà báǹkì.
Ó tún wo àmì náà
bí ẹni ń wo ẹlẹ́rìí tó jẹ́rìí òtítọ́
tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ ẹ́.

Lọ́ọ̀rì mìíràn kọjá. Gíláàsì gbọ̀n.

Mo bu omi fún un. Kò mu ún.
Ó sún àga mọ́ tábìlì, ó ní,
"Bí ọmọ kò bá jẹ́ ìpè,
tíṣà a tún orúkọ rẹ̀ pè."
Ìka kan ṣoṣo ló fi ń tẹ̀ ẹ́, ó ń wá lẹ́tà kọ̀ọ̀kan
bí ẹni ṣa kajú lábẹ́ ewé gbígbẹ:

Ìbíyẹmí, kajú ti pọ́n.
Orókùn mi sàn díẹ̀.
Mo rò pé ọ̀nà ló dí.

Ó fi ránṣẹ́. Ó wé ẹ̀rọ padà, ó so etí aṣọ pọ̀.
Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó yíjú:
"Èyí tí yóò fi hàn mí pé ó ti kà á ńkọ́,
ibo la ti ń tan ìyẹn?"