Mo Yá Owó, Mo Ya Fọ́tò

Mo yá owó kí n tó lè ya fọ́tò.
Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin dọ́là ó lé díẹ̀,
báǹkì ń yọ ọ́ lọ́jọ́ kẹẹ̀dógún oṣù
bí ẹni ń fa irun imú.
Lẹ́ńsì náà gùn tó apá ọmọ ọdún méjì,
ó wúwo, ó ń dán, ó ní àpò tirẹ̀,
àpò náà sì tún ní àpò.

Mo gbé e káàkiri Winnipeg
bí ìyàwó tó ń gbé àkọ́bí lọ fi han ìyá ọkọ.
Mo ya odò tó dì, mo ya afárá,
mo ya ọ̀kẹ́rẹ́ lórí igi tí kò léwé;
irun ara rẹ̀ ṣeé kà lọ́kọ̀ọ̀kan.
Mo kà wọ́n.
Kò sí ohun mìíràn níbẹ̀ láti kà.

Ligaya ń gbé ìsàlẹ̀ ilé wa,
ọmọ Filipíìnì, ó ń nu ilẹ̀ ilé ìwòsàn lóru.
Kámẹ́rà tirẹ̀ kò ju ọṣẹ ìfọwọ́ lọ,
ìdérí bátìrì ti já, tépù ló dì í mú.
Dọ́là mẹ́fà ló rà á lọ́wọ́ ẹni tó ń kó kúrò nílé.

Sátidé kan, ó na fọ́tò kan sí mi:
ibùdó bọ́ọ̀sì ìkóríta wa,
èémí ti bo gíláàsì rẹ̀, ó funfun báláú.
Láàárín rẹ̀, ẹnì kan ti fi àtàǹpàkò nu ihò kékeré,
ojú kan ṣoṣo ń yọ wo ìta.
Ojú ọkọ rẹ̀ ni,
ó ń wò bóyá ìyàwó òun ti ń bọ̀ láti ibiṣẹ́.

Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń gba ẹ̀gbẹ́ gíláàsì yẹn kọjá,
tèmi tàpò, tàpò inú àpò.
Mò ń ya gbogbo nǹkan,
n kò yà síbì kankan.

Mo ní kó gba tèmi dán wò.
Ó gbé e dé àyà, ó bú sẹ́rìn-ín:
"Ó mà wúwo o!
Kí n tó gbé e dójú, baálé mi á ti rí mi,
á ti bẹ̀rẹ̀ sí í to eyín."

Ṣùgbọ́n kí n má parọ́ mọ́ owó mi.
Lóru tí a bí Ìbíyẹmí,
iná yàrá náà kò ju ti àbẹ́là lọ.
Kámẹ́rà bí ọṣẹ ì bá rí òkùnkùn nìkan.
Tèmi rí ìka márùn-ún, ó rí omi lójú ìyá rẹ̀,
ó rí ohun tí èmi gan-an kò rí
nítorí ẹkún ti dí mi lójú.
Ọkọ́ tó mú ń bá àgbẹ̀ ṣiṣẹ́,
kò kàn mọ ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ máa rọ̀ ni.

Lónìí, otútù ń bu ni jẹ létí,
mo fi ẹrù náà sílé.
Mo dúró ní ibùdó bọ́ọ̀sì, mo mí sí gíláàsì, mo nu ihò kan.
Ọkùnrin kan ń ti kẹ̀kẹ́ ọmọ bọ̀ nínú yìnyín.
Kò sí ọmọ nínú rẹ̀:
àpò ìrẹsì ló dè mọ́ ọn,
ó sì fi ṣáàlì bò ó lórí.
Ọwọ́ mi ti dé àyà kí n tó rántí.
Mo kàn ń wò ó títí ó fi kọjá.

Ọjọ́ kẹẹ̀dógún ni òní.