Ta Nìyẹn?

Ilé mẹ́tàlá ni mo ti wò láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀.
Èyí àkọ́kọ́, ní Bàrígà, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún ní ọ̀dà funfun
láti ilẹ̀ dé ìbàdí ènìyàn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.
Mo fi ìka kàn án. Ọ̀dà lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́.
Mo bi Lámídì, ejẹ́ǹtì mi:
"Kí ló dé tí òkè ògiri dọ̀tí, tí ìsàlẹ̀ mọ́?"
Ó ní, "Àǹtí mi, ọ̀dà ló tán."
Ọ̀dà kọ́ ló tán.
Ibi tí omi dé lọ́dún tó kọjá ni wọ́n kùn.

Iṣẹ́ ìdìwé ni mò ń ṣe ní Ṣómólú:
mò ń ká bébà, mò ń rán ẹ̀yìn ìwé,
mò ń fi gọ́ọ̀mù lẹ ohun tó bá fẹ́ tú.
Aago mẹ́sàn-án alẹ́ la máa ń pa ẹ̀rọ,
bí wọ́n bá ń kánjú ìwé ètò ìsìnkú, ó lè di mẹ́wàá.
Nítorí náà, mi ò wá ilé tó rẹwà.
Ilé tí mo lè fẹsẹ̀ rìn dé láìsáré ni mò ń wá.

Onílé kan ní Ìlúpéjú wò mí láti orí dé bàtà.
"Ọkọ ńkọ́?"
Mo ní kò sí.
"Ta ni yóò máa wá kí ọ?"
Mo ní àárẹ̀ ni.
Kò rẹ́rìn-ín.
Ó ní òun kì í fún obìnrin tó dá wà ní yàrá,
àfi tó bá lè san ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan.
Ó wá yé mi: ọkọ tí wọ́n ń wí,
mílíọ̀nù kan àti àbọ̀ náírà ni.

Lámídì ń fi ìka kà á fún mi:
owó ilé, owó ejẹ́ǹtì, owó ìwé àdéhùn,
owó tí onílé ń gbà sílẹ̀ bóyá mo máa fọ́ nǹkan,
owó àyẹ̀wò.
"Àyẹ̀wò kí ni?"
"Èyí tí a ń ṣe yìí."

Àǹtí Ìbídùnní ló là mí lóye:
"Má wo ilé lọ́sàn-án mọ́.
Lọ́sàn-án, kò sí àdúgbò tí kì í bọ́jú.
Lọ lálẹ́, má mú ejẹ́ǹtì dání, kàn dúró."

Mo dúró ní àdúgbò kan, iná mọ́lẹ̀ yòò,
géètì ga, ojú ọ̀nà dákẹ́ rọ́rọ́.
Ogójì ìṣẹ́jú, ẹnikẹ́ni ò wo ibi tí mo wà.
Bí mo bá ṣubú níbẹ̀, ilẹ̀ á mọ́
kí wọ́n tó bi ara wọn léèrè ẹni tó ni òkú.
Mo gbé báàgì mi, mo kúrò.

Ìkẹtàlá, lẹ́yìn ilé-iṣẹ́ omi tó ti kú.
Iná ti lọ. Mi ò tíì dúró tó ìṣẹ́jú kan
tí ohùn fi jáde nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀:
"Ta nìyẹn?"
Mo ní èmi ni.
"Ìwọ ta ni? Ta lo wá wá?"
Ìyá àgbà kan lórí àga onírọ́bà
tan tọ́ọ̀ṣì sí mi lójú
bí ẹni ń yẹ owó wò bóyá ayédèrú ni.
Fèrèsé kan ṣí lókè: "Ta nìyẹn, Màmá?"
Ọmọdé kan pàápàá, láti inú òkùnkùn: "Ta nìyẹn?"

Mo gba yàrá náà.
Òrùlé ń jò ní igun kan, ilé ìwẹ̀ jẹ́ àjọlò,
mo ṣì jẹ ọ̀gá mi ní gbèsè oṣù mẹ́ta.
Màmá ń bi mí ní ohun tí kò kàn án:
kí ni mo sè, ta ló pè mí, kí ló dé tí mò ń wú.
Nígbà mìíràn, ó ń bí mi nínú.

Alẹ́ àná, aago mọ́kànlá ku díẹ̀,
òjò ń rọ̀, gọ́ọ̀mù gbẹ sí mi lọ́wọ́,
mo yà ní kọ̀rọ̀.
"Ta nìyẹn?"
"Èmi Títíladé ni, Màmá."
Kò dáhùn.
Mo gbọ́ tí àga rẹ̀ dún,
ó dìde, ó wọlé lọ sùn.